Ìwé Mi Wà Lórí Pẹpẹ

Ẹ wò ó, inú ṣì ń bí mi, mi ò lè parọ́. Ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì ku ọjọ́ mẹ́wàá, ni gbogbo ìwé mi bá di èrò orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí obìnrin kì í dé.

Lọ́dún tó kọjá, Simeon ẹ̀gbọ́n mi ló ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó láti fi múra. Ẹni tí kì í ka nǹkan kan ju ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ! Mo gbọ́ tiẹ̀, mo sì fìdí rẹmi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní oṣù méjì gbáko ni màá fi kàwé, torí ọsibítù aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìgàndó ti sọ ọ́ fún mi gbangba pé bí mi ò bá yege, kí n má wulẹ̀ padà wá.

Àṣé màmá mi ní ìṣirò tiwọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Èkìtì, aláṣọ funfun paraku. Mo ti ibi iṣẹ́ dé sílé wa ní Ẹ̀gàn lọ́jọ́ Ẹtì, tábìlì mi mọ́ féfé.

"Màmá, ìwé mi dà?"

"Mo ti kó wọn lọ fún àdúrà. Ọjọ́ méje ni wòlíì ní kí wọ́n lò."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Àbí ìdajì ni kí Ọlọ́run bù kún?"

Mo káwọ́ lérí. Taṣọ-taṣọ iṣẹ́ ni mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bàbá Ebenezer tó ń tọ́jú pẹpẹ ní òun ò lè fọwọ́ kan ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ etí ikún sí mi. Mo ń wo ìwé mi láti òkèèrè, àbẹ́là ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Irú wàhálà wo rèé, jàre?

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ káàárọ̀ nìkan ló ń dà mí pọ̀ mọ́ màmá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí.

"Ìbíyẹmí, bí o bá kàwé lóòótọ́, inú orí rẹ ló yẹ kó wà. Jókòó, kọ́ mi."

Mo fẹ́ yarí, ṣùgbọ́n kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ka àmì ewu fún wọn: orí fífọ́, òòyì, ojú tó ń ṣe bàìbàì. Màmá tí wọ́n ti ń da ìbéèrè bò mí bá sún mọ́ mi.

"Bí onítọ̀hún bá dá oògùn ẹ̀ dúró ńkọ́?"

"Ó fẹ́ kú nìyẹn. Ta ni?"

Wọ́n fọwọ́ ra iwájú orí wọn. Mo fa ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yọ nínú báàgì mi, mo so ó mọ́ wọn lápá. Àádọ́wàá lókè, àádọ́fà nísàlẹ̀.

"Yéè! Màmá, ìgbà wo lẹ ti lo oògùn gbẹ̀yìn?"

"Kí n tó kó ìwé rẹ lọ ni. Mò ń fi ààwẹ̀ ti àdúrà ìdánwò rẹ lẹ́yìn. Àárọ̀ ni mo ń lo oògùn, mi ò sì lè fẹnu kan nǹkan."

Ìbínú àti ẹkún gbé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí mò ń kàwé kí n lè máa tọ́jú aláìsàn, mo fi ọjọ́ mẹ́ta bínú sí èyí tó wà nínú ilé mi, mi ò tiẹ̀ wojú wọn. Mo pe dókítà ibi iṣẹ́ mi. Ó ní kí wọ́n lo oògùn wọn kíá, kí n sì máa gbé wọn bọ̀ ní ọsibítù. Mo sáré mú oògùn náà wá.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré," màmá ń bẹ̀ mí. "Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Tìtorí rẹ ni."

"Màmá, bí mo bá yege tí ẹ ò sí ńlé ayé, ta ni kí n gbé ìwé-àṣẹ ọ̀hún hàn?"

Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e mì.