Òfo Kan, Ìtumọ̀ Méjì

"Òpópónà mẹ́ta, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀?" Nọ́ọ̀sì àgbà ju ìwé sórí tábìlì. "Ta ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù wọ àgbàlá mi lójoojúmọ́, iwin?"

Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí òun ló kọ ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń ka ọmọ láti ojúlé dé ojúlé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kọ tirẹ̀ náà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, gbangba ni iṣẹ́ inú wọn sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ tú u wò. Ọkàn àwọn tó kọ ọ́ nìkan ni wọ́n tì pa. Ọdún méjì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ni ilé ìwòsàn da àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀. Mọ́tò abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lọ láago méjìlá, kò sì ní yà síbi tí ìwé bá ti ní kò sọ́mọ.

"Èéyi ti sú sí ara ọmọ méjì lọ́hùn-ún," nọ́ọ̀sì ní. "Oṣù mẹ́ta kí mọ́tò tó tún wá."

Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Bí àwọn èèyàn rẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì, kí ni fóònù rẹ ń kọ?"

"Òfo. Wọn ò rí ẹni bi léèrè. Kí ni tiyín ń pè ní òfo?"

Nínú ètò ti Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù, òfo ni òdo: a béèrè, wọ́n ní àwọn ò lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n da àkọsílẹ̀ pọ̀, gbogbo ilẹ̀kùn títì àbúrò rẹ̀ ti di ilé tí kò sọ́mọ.

"Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí yín lójú gbogbo ayé lọ́dún méjì sẹ́yìn," àbúrò rẹ̀ ní. "Ẹ fèsì pé kí n lọ kọ́ èdè ìyá mi. Bíi pé ìyá wa kì í ṣe ọ̀kan."

"Aago mọ́kànlá ti kọjá o," nọ́ọ̀sì ní. "Ṣé kí n máa wá ibi tí a ó sin àwọn ọmọ náà sí, kí ẹ tó jà tán?"

Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù ṣí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ti ń ka ọ̀rọ̀ nípa ètò náà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ èsì rẹ̀ àtijọ́: "Àbúrò mi ló tọ̀nà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Láti òní lọ, ìwé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì yóò máa lò." Ó fi í ránṣẹ́.

Ó padà sórí fóònù.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Ka àwọn ilé tí wọ́n bá ní títì sí wa létí, ká fọwọ́ kọ ọ́ fún mọ́tò abẹ́rẹ́."

Nọ́ọ̀sì fa àga, ó mú bírò.

"Ojúlé kẹrin," àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ojúlé keje. Ìkẹsàn-án..."