Ilé Ìwòsàn Tó Kúrò Nínú Ìtàn

Ọkọ àbúrò mi kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má dárúkọ ìpè. Ìpè ló ní kí wọ́n lọ wàásù lókè òkun, ìpè ló ní kí wọ́n padà wá sinmi fún oṣù mẹ́jọ, ìpè náà ló sì ní kí wọ́n sinmi nínú yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Ẹni-Ìpè ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Mo gbé máṣíìnì mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ránṣọ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé.

Tó bá jẹun tán, á fi abọ́ sílẹ̀ síbi tó ti jẹun, á ní òun ń ronú nípa àwọn ọkàn tó ń ṣègbé. Àbúrò mi á wá fọ abọ́. Ọkàn tirẹ̀ kò tíì ṣègbé, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ronú nípa rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ikọ́ fée ń bá jà láti kékeré. Nígbà tí ìpadàlọ wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dókítà yẹ àyà rẹ̀ wò, ó sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má ṣe mú un lọ síbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà. Níbi tí wọ́n ń padà lọ, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Ẹni-Ìpè ka lẹ́tà náà tán, ó ká a, ó fi ṣàmì sínú Bíbélì.

"Àna mi," mo ní, "kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó wò ó sàn lọ́jọ́sí ò tíì kú."

Ọjọ́sí yẹn ni gbogbo ọ̀ràn. Àbúrò mi ti kọ̀wé sí mi nípa rẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lọmọ náà nígbà yẹn. Èémí rẹ̀ há láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Àbúrò mi ní sùúrù títí ètè ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó pọ̀n ọ́n, ó jáde, ó la ẹrẹ̀ kọjá fún wákàtí mẹ́rin. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ èémí sí ọmọ nímú tó fi yè. Ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ̀ dé, lẹ́yìn tí òjò dá.

Nígbà tí wọ́n wá padà dé ọ̀dọ̀ mi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn iṣẹ́ wọn láti ìjọ dé ìjọ, mo máa ń tẹ̀ lé wọn, torí èmi ni mò ń tún aṣọ ọmọ ṣe kó tó gun pẹpẹ. Ní ìjọ àkọ́kọ́, Ẹni-Ìpè ní òun gbàdúrà, wọ́n sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. "Wọ́n gbé e" ló sọ, bí ẹni pé kò mọ ẹni tó gbé e. Ní ìjọ kẹta, ara ọmọ ti yá kí wọ́n tó débẹ̀, nọ́ọ̀sì kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Nígbà tó fi máa di ìjọ kẹfà, ilé ìwòsàn ti wó nínú ìtàn rẹ̀, nọ́ọ̀sì ti kú, àdúrà nìkan ló kù. Ó ní "Àmín," ọmọ dìde, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo yínmú.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" mo bi àbúrò mi nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gbé ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ró ni."

"Ta ló wá ń gbé ìwọ ró?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Mo kẹ́gàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ọmọ kó lè dùn ún wò lórí pẹpẹ.

Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n wọ bàálù, Ẹni-Ìpè gbé máìkì fún ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ sọ ọ́ láìtàsé: bàbá òun gbàdúrà, òun dìde, òun ò lo oògùn kankan. Gbogbo ìjọ dìde dúró. Mo wo àbúrò mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń di ẹrù níwájú mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàálù ò gbà ju kílò mẹ́tàlélógún fún àpótí kan, Ẹni-Ìpè sì ti fi ìwé ìwàásù tó kọ kún àpótí tirẹ̀, ìwé tí fọ́tò òun fúnra rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìn. Àbúrò mi to oògùn tí ọmọ máa ń fín sẹ́nu sínú àpótí ọmọ. Ọmọ yọ wọ́n jáde.

"Mọ́mì, mi ò nílò wọn mọ́. Ẹ jẹ́ ká fàyè sílẹ̀ fún ìwé Dádì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ṣebí Ọlọ́run ti wò mí sàn. Tí mo bá lò ó, á dà bíi pé mi ò gbà á gbọ́."

Àbúrò mi jókòó sórí àpótí. "Lọ́jọ́ tí o ò lè mí yẹn, ta ló gbé ẹ lọ sílé ìwòsàn?"

Ọmọ wò ó tìyanutìyanu. "Ilé ìwòsàn wo?"

Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Inú bí mi, kì í sì í ṣe Ẹni-Ìpè nìkan ni mò ń bínú sí.

Àbúrò mi ò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá a.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tú ẹrù èmi àti ọmọ mi. A ò lọ mọ́."

"Ìpè ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n pè. Ẹ máa lọ."

Ẹni-Ìpè wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ìyàwó rẹ̀. Ì bá wù mí kó jẹ́ èmi ni. "Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ìjọ?" ló ní.

"Ẹ ó rí nǹkan sọ."

Ó sì rí i. Kí bàálù rẹ̀ tó gbéra, ó ti sọ fáwọn tó sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú pé òun fi ìyàwó àti ọmọ rúbọ nítorí iṣẹ́ náà. Mo gbọ́ pé àwọn kan sunkún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàálù rẹ̀ gbéra, èémí ọmọ há díẹ̀. Ó pa ẹnu dé, kò gba oògùn. Àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò pariwo mọ́ ọn.

"Èmi ni mo gbé ẹ," ló ní. "Ẹ̀yìn mi lo wà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn."

Láti oṣù mẹ́jọ tó ti wà lọ́dọ̀ mi, mi ò gbọ́ kó sọ pé "èmi ni" rí.

Ọmọ wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Ṣé ó jìnnà?"

"Ó jìnnà."

Ọmọ náà la ẹnu fún oògùn.