Òjòlá Tí Wọ́n Ní Ó Lóyún

Ẹ wò ó, ní gbogbo ìlú Ipswich, ta ló mọ ejò bọ́ tó Noreen Pascoe? Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ejò: odindi eku, kó má tóbi ju ikùn ejò lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta fún àgbà òjòlá, ó parí. Ìdí nìyẹn tí Leanne aládùúgbò rẹ̀ fi gbé Biscuit, òjòlá tó ń sìn, fún un tọ́jú nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ ìwakùsà fún oṣù mẹ́jọ.

Àmọ́ ọkọ Noreen ti kú, ilé sì dá páro. Bó bá ti fi omi gbígbóná yọ́ eku dídì, tó fi ẹ̀mú mì í lójú ejò, wàrà ni Biscuit á fò mọ́ ọn. Ó kéré tán, nǹkan kan ń sáré wá bá a nínú ilé yẹn. Bí bíbọ́ ejò náà ṣe di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nìyẹn. Nígbà tó yá, gbogbo Sátidé ni.

Leanne dé, ó gbé ejò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e. "Màmá, kí ló wúwo tó báyìí?"

Irọ́ ti jáde kí Noreen tó ronú. "Ẹyin ni. Ṣebí ìwọ lo ní kí n yá akọ ejò Craig ará ẹgbẹ́ wa fún un."

Inú Leanne dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣe àpótí tí ẹyin náà á ti máa móoru, ó sì ti ń pín ọmọ ejò tí wọn ò tíì bí fáwọn ará ẹgbẹ́. Gbogbo bó ṣe ń dúpẹ́ ni ara Noreen ń bù máṣọ.

Lọ́jọ́ Sunday, Leanne pè é wá. Ó na eku sí Biscuit, ejò gbé e mì. Leanne bojú wo Noreen. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé òjòlá tó bá lóyún kì í fẹ́ jẹun."

Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu Noreen. Ó wá rí ọ̀rá tó ṣù jọ sí ìdí ìrù ejò náà, ọ̀rá tó lè pa á.

"Kò lóyún," ó ní. "Èmi ni mo bọ́ ọ lábọ́jù. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni."

"Ṣé ebi ń pa á ni?"

"Rárá o. Ilé ló dá jù fún mi. Ojú ń tì mí, Leanne."

Ká ní Leanne tiẹ̀ bú u ni, ìbá sàn. Leanne rọra ti ilẹ̀kùn ilé ejò.

"Nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, gbogbo Sunday ni mò ń pè yín lórí fóònù, Màmá. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ẹ ní dáadáa lẹ wà. Ẹ ò sọ fún mi rí pé ilé dá."