Ẹja Kan Ṣoṣo Lókè Àpáta

Abo ẹja kan ló kù nínú odò Ubasawa, lókè ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Mo mọ̀ ọ́n. Àpá kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, ìwọ̀ mi ló dá a sí i. Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń gòkè lọ. Ìgbà mẹ́fà ni ẹja gbé ìwọ̀ mi, òun náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bàbá mi ló kó ẹja iwana, ẹja odò òkè tó ní àmì aláwọ̀ ọsàn lára, dé òkè yẹn. Ẹja ò lè gun àpáta, nítorí náà àwọn apẹja abúlé wa máa ń pọ̀n wọ́n lọ láàyè nínú korobá onígi, wọ́n á sì máa pààrọ̀ omi wọn níbi gbogbo tí wọ́n bá ti sinmi. Ẹni tó bá kó wọn dé odò kan gbọ́dọ̀ kó díẹ̀ dé òmíràn. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹja tó wà lójú kan ṣoṣo, òfò tó ń bọ̀ ni. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ láti máa ru ẹja lọ sí àwọn ilé àlejò, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàbá mi ni ìwé tí mo kà.

Yasaku, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fi ọdún méjì jù mí. Nígbà tó di olórí ẹgbẹ́ apẹja, ó fẹ́ ra ẹja tí wọ́n ń sìn nínú kòtò síméńtì láti dà sínú odò wa. Mo dìde nípàdé, mo ní wọ́n á gun tiwa, a ò sì ní rí ojúlówó mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n pè wá ní kò séwu. Yasaku wò mí.

"Tome, ìwé kẹrin lo ti sá o. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ẹja?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gan-an rẹ́rìn-ín. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ẹja ìsàlẹ̀ odò fi di àdàlù, tí àmì aláwọ̀ ọsàn fi parẹ́ lára wọn. Èmi ni mo jàre, ẹnikẹ́ni ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pe Yasaku ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí yìnyín yọ́, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó gbé ìgò ọtí ìrẹsì kalẹ̀. Ó ní odò kan wà lẹ́yìn òkè tí kò lẹ́ja, kí n fún òun ní díẹ̀ nínú tòkè àpáta kó lè wà lójú méjì.

"Ogún péré, Tome. Bàbá ẹ náà ìbá ṣe é."

"Lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ. Á ní ẹja nínú kòtò."

"Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń bẹ̀ ẹ́."

Mo ní mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Mo gbé ìgò rẹ̀ fún un. Mi ò ní purọ́, mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lóṣù kẹsàn-án, ìjì òjò jà fún ọjọ́ méjì, òkè sì ya lu odò. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún yìí, gbogbo ibú tí mo ti mọ̀ láti kékeré ti di òkúta pẹrẹsẹ, àfi ọ̀kan lábẹ́ gbòǹgbò igi. Mo ju ìwọ̀ tí mo fi ìyẹ́ àkùkọ wé bí eṣinṣin síbẹ̀. Ẹja kan gbé e. Omijé bọ́ lójú mi, mo dá a padà sómi. Lẹ́yìn náà ni mo wá akọ kiri dé orísun odò. Kò sí. Àwọn àdàlù wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mi ò ní gbé wọn dé òkè láéláé.

Lọ́jọ́ tí àkókò ẹja pípa parí, ìwọ̀ mi tún mú abo ẹja náà, mo gbé e dání. Ẹyin ti kún inú rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Yasaku. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó." Kò bi mí pé kí ni.

Lánàá la lọ. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni mo fi ń tì í lẹ́yìn bó ṣe ń gun òkúta. A dùbúlẹ̀ létí ibú, a yọjú. Ẹja náà ń fi ìrù gbá yanrìn, ó ń gbẹ́ ojú tó máa yé ẹyin sí, òun nìkan, láìsí akọ.

Mo ń dúró kó sọ pé ká ní mo fún òun ní ogún ẹja náà ni. Ká ló sọ ọ́, ǹ bá rí nǹkan bínú sí.

Ó ṣí fìlà lórí.

"Ó mà ń tún ilé ṣe," ló wí.