Adépọ̀jù Fi Ẹran Sílẹ̀

Dókítà kò dárúkọ ẹran rárá. Moríyọ̀ wà níbẹ̀, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohun tí dókítà sọ fún Adépọ̀jù ọkọ rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé ó ti sanra jù, kó sì wá nǹkan ṣe sí i. Fídíò kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí Wọ́ọ̀sáàpù ló fi ọ̀rọ̀ ẹran kún un. Adépọ̀jù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, ó sì jáde sí pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ rán láti òkè.

"Ìyá Lọ́lá," ó ní, "láti òní lọ, ẹran, ẹja, edé, títí kan ẹyin, kò gbọdọ̀ wọ ẹnu mi mọ́. Ewébẹ̀ ni mò ń jẹ."

Moríyọ̀, ọmọ Oǹdó tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, gbójú sókè kúrò lórí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Ó wo ikùn ọkọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ìpinnu, Bàbá Lọ́lá."

Ọ̀gá ni Adépọ̀jù ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ohun tó bá sì ti dáwọ́ lé, àfi kí gbogbo ayé mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn fún Moríyọ̀ nílé bó ṣe ń yọjú sí àwọn akọ̀wé lásìkò oúnjẹ ọ̀sán tó ń bi wọ́n pé, "Òkú màlúù lẹ tún ń jẹ yẹn?" Ó ní ojú a máa tì wọ́n. Moríyọ̀ rò pé ebi ló ń pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ni òun alára ń jẹ? Láàárọ̀, odidi búrẹ́dì kan pẹ̀lú tíì tó dùn bí oyin. Lọ́sàn-án, ìrẹsì àti dòdò tí òróró ń kán lára rẹ̀. Lálẹ́, iyán tó ga bí òkè Ìdànrè, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀ létí abọ́, kí ẹlẹ́rìí lè wà.

"Bàbá Lọ́lá, iyán yìí mà ti pọ̀ jù," Moríyọ̀ sọ lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ṣé iṣu lẹ́jẹ̀ lára ni?" Adépọ̀jù bi í, ó sì gé òkèlè. "Inú ilẹ̀ ló ti hù. Ewébẹ̀ ni."

Òṣùwọ̀n inú yàrá kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gùn ún ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sún síwájú. Adépọ̀jù ní àwọn tó ṣe é ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ra òmíràn. Òmíràn náà fẹnu kò pẹ̀lú èkínní.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ìjọ àwọn òbí Moríyọ̀ ní Oǹdó pe Adépọ̀jù pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìlera ní ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọkùnrin. Kò ya Moríyọ̀ lẹ́nu. Òun náà ló jókòó síbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kéde ara rẹ̀ fún fíkà, àlùfáà ìjọ náà, lórí fóònù. Adépọ̀jù gbé kóòtù tó fẹ́ wọ̀ jáde. Kóòtù kò pa pọ̀ níwájú. Ó mí sínú, ó tún gbìyànjú, bọ́tìnnì kan fò, ó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Moríyọ̀ rí i pé ẹ̀rù ba ọkọ òun.

Adépọ̀jù tún padà sórí fóònù. Fídíò mìíràn ní májèlé ni oúnjẹ afáralókun, àwọn bí iṣu, ìrẹsì àti búrẹ́dì. Adépọ̀jù kò bi dókítà, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n kó iṣu ilé fún aládùúgbò. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀wà náà ní díẹ̀ nínú èròjà afáralókun, ẹ̀wà bá iṣu lọ. Ó wá ku kúkúńbà, kábéèjì àti omi ẹ̀fọ́.

Lóòótọ́ ó ń fọn. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ ọ, ó sì ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n kọjá níwájú obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ó ní kí Moríyọ̀ dá mọ́tò dúró. Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó fa òórùn bọ̀ọ̀lì símú dáadáa, ó ní kó máa lọ. Moríyọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí omi lójú ọkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, omi nìkan ni Adépọ̀jù mu kí wọ́n tó gba ọ̀nà Oǹdó. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Lẹ́yìn ilé, àwọn ìyá ìjọ ń gún iyán tí wọ́n fẹ́ fi ṣàlejò, ìró odó sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Adépọ̀jù dìde, kóòtù rẹ̀ pa pọ̀ dáadáa, ó nàka síbi tí ìró náà ti ń wá.

"Ẹ̀yin èèyàn Oǹdó, ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn ọ̀tá yín? Iyán ló ń pa yín!"

Odó dákẹ́. Moríyọ̀ wolẹ̀. Nínú ìlú wo? Níbi tí wọ́n ti ń fi iyán sọmọ lórúkọ, tí wọ́n ń fi sìnkú!

"Èmi tí ẹ ń wò yìí," Adépọ̀jù ń bá a lọ, "iṣu kò kàn mí lẹ́nu mọ́, ara mi sì le bí..."

Ìjọ ń retí ohun tí ara rẹ̀ le bí. Wọn ò gbọ́ ọ, nítorí Adépọ̀jù ti ṣubú lé fíkà lẹ́sẹ̀.

Àǹtí Bísọ́dún, ẹ̀gbọ́n Moríyọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú táì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Nígbà tí ojú rẹ̀ là dáadáa, ó fún un ní omi ṣúgà mu.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Omi."

"Lánàá ńkọ́?"

"Kúkúńbà."

Ìyá ìjọ kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bu díẹ̀ wá fún wọn nínú ọ̀tá wa?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Adépọ̀jù di ojú, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó wà yẹn ló ti jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbójú kúrò kí ojú má bàa tì í.

"Bàbá Lọ́lá," Àǹtí Bísọ́dún wí nígbà tó jẹun tán, "ẹ fi ẹran sílẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n iyán lẹ fi rọ́pò rẹ̀, lẹ wá ń sanra. Ẹ tún lé iyán àti ẹ̀wà, lẹ wá ń dákú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Kí ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín gba apá kan nínú ìyókù, kí iṣu tó tó ẹ̀ṣẹ́ yín gba apá kejì. Ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe sórí fóònù."

"Ẹ̀ṣẹ́ mi?"

"Ẹ̀ṣẹ́ yín o. Kì í ṣe ti ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà."

Adépọ̀jù gbọ́ràn. Moríyọ̀ ń bu oúnjẹ rẹ̀ bí Àǹtí ṣe wí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, inú dókítà sì dùn. Gbogbo ara rẹ̀ ló fọn, àfi ẹnu. Kò pẹ́ tí ìjọ kan ní Ìta-Ògbólú fi pè é. Moríyọ̀ tẹ̀ lé e, ó jókòó síwájú.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan," Adépọ̀jù bẹ̀rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, "aláìgbọ́n èèyàn ni. Ó sá fún iṣu àti ẹ̀wà títí ó fi dákú níwájú ìjọ."

Bàbá arúgbó kan nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé ọ̀rẹ́ yín ọ̀hún yè?"

Kí Adépọ̀jù tó lanu, Moríyọ̀ ti dìde.

"Ó yè, Bàbá. Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn."

Adépọ̀jù wúkọ́. Ó mu omi, ó dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.