Imú Ọmọ Onífírémù

Kí ìyàwó Onífírémù tó bímọ rárá ni ọkọ rẹ̀ ti kan fírémù tí wọn yóò fi fọ́tò ọmọ náà sí. Igi tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù ló fi kàn án, ó sì fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Fírémù náà ṣì wà lára ògiri yàrá wọn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò ya fọ́tò o. Lọ́jọ́ tí ọmọ ti ọsibítù délé, Onífírémù yá kámẹ́rà, ó gbé fíláàṣì lé e lórí, ó sún mọ́ ọmọ bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Iná bu ọmọ lójú. Ohun tó jáde funfun bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀: ojú méjì, ẹnu kan, kò sí imú. Wọ́n fi ṣẹ̀rín. Onífírémù ní àwọn yóò ya òmíràn tó bá yá. Ibà kò jẹ́ kó yá.

Àwọn aládùúgbò wá kí wọn. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n omi wo ló ń ní imú? Nígbà tó ṣe, ìyàwó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá ọmọ mi, mi ò rántí imú ẹ̀ mọ́. Mo rántí ojú, mo rántí ẹnu. Imú ti lọ."

Ọkọ mú fọ́tò funfun yẹn, ó wò ó. Òun náà kò rántí.

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ̀rín, obìnrin tó ń ya fọ́tò àwọn ọmọ ọwọ́ ní òpópónà kejì. Ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ìyá Ẹ̀rín kò bi í nídìí. Ó yọ fíláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ oníbàárà kan, kó kọ ojú iná sí ògiri funfun.

"Ògiri ni kó kọ́kọ́ gbà á. Èyí tó bá padà wá ló tó ọmọ. Àbí tó o bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ṣé wàá pariwo mọ́ ọn létí ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Wo imú ẹ̀. Apá kan mọ́lẹ̀, apá kan ṣú díẹ̀. Òjìji yẹn ló ń ya imú. Tí iná bá gba iwájú wá, á gbá gbogbo ẹ̀ lọ ni."

Onífírémù wo imú ọmọ ọlọ́mọ, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ ọwọ́ kò mọ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Onífírémù yọ fọ́tò ọmọ tirẹ̀ lápò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òjìji yẹn sí i."

Ìyá Ẹ̀rín gba fọ́tò náà, ó wò ó.

"Iná tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè tàn án lónìí, ọmọ mi. Mo lè fi ọwọ́ kùn ún, àmọ́ imú tí mo bá kùn kì í ṣe tiẹ̀." Ó dá fọ́tò padà fún un. "Ta ló jọ?"

"Wọ́n ní ìyá ẹ̀ ni."

Ìyá Ẹ̀rín dìde. Ó kó kámẹ́rà àti fíláàṣì sínú báàgì, ó gbé e fún un.

Ìyàwó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Onífírémù wọlé. Ó gbé fíláàṣì sórí àpótí, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

"Kí lẹ fẹ́ fi fọ́tò mi ṣe? Mi ò tíì bọ́jú."

"Ṣáà jókòó bẹ́ẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná lọ bá ògiri, ó padà wá jẹ́jẹ́. Onífírémù wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan bo ojú tó wà nínú fọ́tò, ó fi èkejì bo ẹnu.

"Òun rèé," ó ní.

Onífírémù nawọ́ sí fírémù tó wà lára ògiri.

"Ẹ fi sílẹ̀," ìyàwó ní.

Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kò wò ó mọ́. Ó ń sunkún. Ó fi ìka kan tọ imú ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ náà kó lè sùn.