Ọmọ Tí A Fẹ́ Kí Wọ́n Mú

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Jánúárì ọdún 1996, èmi àti Fúnṣọ́ ọ̀rẹ́ mi jókòó nínú gbọ̀ngàn eré ilé-ìwé girama kan ní ìlú Lanham ní Amẹ́ríkà, à ń wo àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì tí àwa méjèèjì fẹ́ràn ẹgbẹ́ obìnrin rẹ̀ ń wá ọmọ tuntun. Àwa náà ń bá kóòṣì wọn yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́.

"Nọ́ńbà mẹ́rin ga, ṣùgbọ́n ó ń sáré bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà," ni Fúnṣọ́ wí. "Jessica ni kí wọ́n mú. Àbí ojú rẹ ò ríran mọ́ ni, tí o fi dákẹ́?"

Ojú mi ríran. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè ni. Jessica dúró, ó fi ìka méjì tẹ àyà rẹ̀ lápá òsì, ó la ẹnu díẹ̀. Nígbà tí nǹkan náà kọjá, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí Qúdrát ọmọ mi ti máa ń ṣe nìyẹn. Gbọ̀ngàn yìí náà ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún méjì sẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ fi dúró. Lẹ́yìn tí a sin ín ni dókítà sọ fún wa pé ẹran ọkàn rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, pé àyẹ̀wò ì bá ti fi hàn. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó pè mí ní Bàbá Qúdrát mọ́. Ṣítù ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni tí kò bímọ rí. Síbẹ̀ mo ń wá síbí. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ láàárín ti àwọn yòókù.

"Mo fẹ́ bá ìyá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀," mo wí.

Fúnṣọ́ mọ ohun tí mò ń rò. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ṣítù, jọ̀ọ́. Kí lo fẹ́ sọ tí kò ní dà bí èpè?"

Òótọ́ ló sọ. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í fi ọmọ tirẹ̀ tó kú wé ọmọ ọlọ́mọ. Àdúrà ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà ìsinmi àárín eré, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Olúfọlákẹ́, ìyá Jessica.

"Màmá Jessica, ẹ káàsán."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ ò rí bí ọmọ yín ṣe ń gbá a?"

"Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn kí ó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń tẹ àyà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ó rọra wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kóòṣì yunifásítì ń bọ̀ wá wò ó. Òní lẹ wá ń pe ikú lé e lórí?"

"Ẹ bú mi. Ẹ ṣáà gbé e lọ."

"Ẹ kúrò níwájú mi, sà."

Mo padà sókè. Nígbà tí eré fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, Olúfọlákẹ́ dìde, ó wọ àárín pápá, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí lòun ṣe. Kóòṣì ilé-ìwé wọn sọ tirẹ̀ títí, ìyá náà kàn ń mi orí ni. Ó wọ kóòtù fún ọmọ náà, ó mú un jókòó. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ó sì sún ara rẹ̀ sáàárín èmi àti ọmọ náà.

"Wọn ò ní mú un mọ́ o," ni Fúnṣọ́ wí. "O ti bà á jẹ́ fún un."

Mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè rí èjìká ọmọ náà bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún sún, ó sì dí i mọ́ mi lójú.